Orí Ọmọ àti Eré Orí Ẹ̀rọ

Ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí ń bi ara wọn nígbàkúùgbà tí wọ́n bá pàdé lóde ìkómọ, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀: eré orí ẹ̀rọ yìí, tí àwọn ọmọ ń pè ní géèmù, ṣé ó ń tún ọpọlọ ọmọ ṣe ni, àbí ó ń bà á jẹ́? Ẹni tí ó bá ní ó ń bà á jẹ́ yóò tọ́ka sí ọmọ tí kì í gbọ́ ìpè ìyá rẹ̀ mọ́, tí oúnjẹ ń tutù níwájú rẹ̀, tí kò ṣí ìwé. Ẹni tí ó bá ní ó ń tún un ṣe yóò tọ́ka sí ọmọ mìíràn tí ojú rẹ̀ yá, tí ọwọ́ rẹ̀ yá, tí ó ń tú ohun tí baba rẹ̀ kò mọ ibi tí yóò ti dì í mú nínú kọ̀ǹpútà. Àwọn méjèèjì kò purọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó bá sì ní ẹlẹ́rìí òtítọ́ níhà méjèèjì, ó yẹ kí á fara balẹ̀ tú u, nítorí pé ìbéèrè méjì ni a so pọ̀ nínú rẹ̀: ọ̀kan kan ọpọlọ, èkejì kan ìwà.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ tú ti ọpọlọ. Àwọn baba wa gbà pé ọ̀dọ̀ Àjàlá, alámọ̀ tí í mọ orí, ni olúkúlùkù ti lọ yan orí tirẹ̀ kí ó tó wá sáyé, àti pé bí amọ̀ orí náà kò bá jiná dáadáa, òjò ojú ọ̀nà yóò máa bù ú jẹ díẹ̀díẹ̀ títí ẹni tí ó rù ú yóò fi dé òde ìsálayé. Síbẹ̀ wọn kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ síbẹ̀; wọ́n ní ẹsẹ̀ ni í gbé orí dé ibi ìpín rẹ̀, èyí tí í ṣe pé akitiyan ènìyàn ní ipa nínú ohun tí yóò dà. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn òde òní kò mọ Àjàlá, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rí nínú agbárí ọmọdé kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ yìí: ọpọlọ ọmọ dà bí amọ̀ tí kò tíì gbẹ, apá iwájú rẹ̀, tí a fi ń kó ara ẹni níjàánu, tí a sì fi ń ro ìgbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ kí á tó ṣe é, kì í sì í gbó tán títí ènìyàn yóò fi súnmọ́ ọmọ ọdún 25. Ohunkóhun tí ọmọ bá ń ṣe lemọ́lemọ́ ni yóò fi àpá sí i lára.

Irú àpá wo wá ni géèmù ń fi sílẹ̀? Ní ọdún 1998, àwọn onímọ̀ kan ní ilé ìwòsàn Hammersmith ní Lọ́ńdọ̀nù wo inú ọpọlọ àwọn tí ń ta géèmù lọ́wọ́, wọ́n sì rí i pé dopamine, èròjà tí í máa ń sún ọkàn wa padà sí ohun tí ó bá ti dùn mọ́ wa rí, ń tú jáde níbẹ̀. Ní 2003, Shawn Green àti Daphne Bavelier ní Yunifásítì Rochester ní Amẹ́ríkà rí i pé àwọn ọ̀dọ́ tí ń ta géèmù ogun, nínú èyí tí ohun gbogbo ń sáré, tètè ń rí ohun tí ó fara pamọ́ sáàárín ọ̀pọ̀ ohun mìíràn ju àwọn tí kì í ta á lọ. Nígbà tí wọ́n sì mú àwọn tí kò ta irú rẹ̀ rí, tí wọ́n ní kí wọ́n máa ta á fún wákàtí kan lójúmọ́ fún ọjọ́ 10, ojú tiwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í mú. Àwọn tí wọ́n fún ní Tetris, eré ìtòbíríkì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nì, kò jèrè tó bẹ́ẹ̀, èyí tí ó fi hàn pé kì í ṣe géèmù gbogbo ni ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ní 2022, Bader Chaarani àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Vermont gbé ìwádìí jáde lórí nǹkan bí 2,000 ọmọ ọdún 9 àti 10: àwọn tí ń ta géèmù fún wákàtí 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ ṣe dáadáa ju àwọn tí kì í ta á rárá nínú ìdánwò ìrántí àti ti ìkóra-ẹni-níjàánu. Àwọn olùwádìí náà fúnra wọn kìlọ̀ pé èyí kò fi hàn pé géèmù ni ó fà á. Ó lè jẹ́ pé ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ti yá tẹ́lẹ̀ ni géèmù ń fà mọ́ra.

Bí ó bá jẹ́ ti ọpọlọ nìkan, ẹjọ́ ì bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, géèmù ì bá sì jàre. Ṣùgbọ́n gbájú-ẹ̀ tí ń lu ọmọ aláìṣẹ̀ ní jìbìtì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọpọlọ rẹ̀ yá, ojú rẹ̀ sì mú. Àwọn babaláwo kọ́ wa pé Ìwà ni aya tí Ọ̀rúnmìlà fẹ́ tí kò tọ́jú títí ó fi bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ọmọ Sùúrù sì ni Ìwà í ṣe. Ẹ̀kọ́ yìí ni mo fi ń wọn eré gbogbo wò: ibo ni ó fi sùúrù sí?

Ayò ọlọ́pọ́n náà ń mú ọpọlọ ṣiṣẹ́. Ihò 12, ọmọ ayò 48. Ẹni tí yóò ta á dáadáa gbọ́dọ̀ máa ka tirẹ̀, kí ó máa ka ti ẹnìkejì, kí ó sì máa ro ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìta mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ojúkojú ni a ń ta á. Òpè, ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n ta, yóò dúró kí ọ̀ta, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta, ta tirẹ̀ tán. Bí ọ̀ta bá pa á láyò, ìṣojú àwọn òǹwòran ni, wọn yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́, yóò sì rẹ́rìn-ín gbé e mì, nítorí pé ẹni tí ó bá bínú lórí ọpọ́n ni wọn yóò máa rántí. Eré náà a sì parí. Wọn a dìde, oníkálukú a gba ilé rẹ̀ lọ. Lórí ẹ̀rọ, ọmọ tí a bá ṣẹ́gun yóò tẹ bọ́tìnnì kan, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láìsí ẹni tí ó rí i. Púpọ̀ nínú àwọn géèmù inú fóònù kò ní òpin rárá. Ẹni tí ó gbẹ́ ọpọ́n ayò tà á, ó gba owó rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tí ó ṣe géèmù jókòó sínú ọpọ́n, ó ń ṣọ́ ìgbà tí ó máa ń sú ọmọ, ó sì ń gbé ẹ̀bùn kalẹ̀ kí ó má baà dìde. Nígbà tí àwọn kan nínú àwọn tí ń ṣe géèmù bẹ̀rẹ̀ sí í ta àpótí inú géèmù, tí olùrà kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ilẹ̀ Bẹ́líjíọ́mù ní 2018 sọ ọ́ gbangba pé tẹ́tẹ́ ni.

Mo kà á sí ohun ńlá pé nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ àìlèjáwọ́ nínú géèmù mọ́ àwọn àìsàn, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2022, wákàtí kọ́ ni wọ́n fi dá a mọ̀. Wọ́n bèèrè bóyá ènìyàn ṣì lè dáwọ́ dúró, bóyá eré ti gba ipò oúnjẹ, oorun àti iṣẹ́, bóyá kò lè fi í sílẹ̀ bí ó tilẹ̀ ń rí ìpalára rẹ̀. Agbára láti dáwọ́ dúró yìí ni ààwẹ̀ ń kọ́ Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì: ẹnu tí ó lè jẹ, tí oúnjẹ sì wà nílé, ṣùgbọ́n tí ó dákẹ́. Òfin ni àwọn ìjọba kan gbé lé e. Ìjọba Ṣáínà ṣòfin ní 2021 pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọ́dọ̀ ta géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì ju wákàtí kan lọ, láti aago 8 sí 9 alẹ́, ní ọjọ́ Ẹtì, Àbámẹ́ta, Àìkú àti ọjọ́ ìsinmi. Gúúsù Kòríà ti ṣe irú rẹ̀ ní 2011, wọ́n sì pinnu ní 2021 láti fagi lé e. Òfin lè ti ilẹ̀kùn. Kò lè kọ́ ọmọ bí a ti ń dìde.

Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi àgbàlá tí àwọn baba wa ti ń pa àlọ́ lábẹ́ òṣùpá na àwọn ọmọ ìsinsìnyí lẹ́gba. Òṣùpá ṣì ń ràn ní Muṣin, ṣùgbọ́n ibo ni ọmọ yóò ti pa àlọ́, nígbà tí yàrá kan ṣoṣo ni ilé, tí ọkọ̀ ń sáré lẹ́nu ọ̀nà, tí ìyá ti jáde láti ìdájí tí kò ní wọlé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú? Ọmọ Yorùbá tí a bí ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, tí kò fojú kan Ìbàdàn rí, lè fi géèmù bá ọmọ ẹ̀gbọ́n baba rẹ̀ ní Bódìjà ṣeré lópin ọ̀sẹ̀, tí àwọn méjèèjì yóò máa pariwo mọ́ ara wọn. N kò ní pe irú okùn ẹbí bẹ́ẹ̀ ní ìbàjẹ́. Ohun tí mo pè ní ìbàjẹ́ ni ti àgbàlagbà tí ó gbé fóònù lé ọmọ ọdún kan lọ́wọ́ kí òun lè sinmi ariwo rẹ̀, nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ láti 2019 pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì kò gbọ́dọ̀ jókòó ti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rárá. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ jókòó ti ọmọ yín ní alẹ́ òní, ẹ ní kí ó kọ́ yín ní eré tí ó ń ta, kí ó jẹ́ ọ̀ta kí ẹ̀yin jẹ́ òpè, kí ẹ sì fojú ara yín rí ohun tí ń pè é padà. Ẹ jọ dá ìgbà tí ẹ ó dìde. Bí ìgbà náà bá tó, ẹ má ṣe já ẹ̀rọ náà gbà. Ẹ dúró, kí ẹ sì jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ pa á.