Afùwàpẹ́ Ló Dé Kẹ́yìn



Ọmọkùnrin kan wá bá mi ní Oko Ọba níbí. Ìyá rẹ̀ ń ta pọ̀nmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò ẹran. Ọmọ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ẹ̀kọ́ ìtàn ní yunifásítì, ó ku sáà kan péré. Ó sọ̀rọ̀ sí owó, ó gbé e kalẹ̀, mo dáfá fún un. Ògúndá Méjì ló jáde. Ìgbà yẹn ló wá là á fún mi: "Bàbá, iṣẹ́ dókítà ló wà lọ́kàn mi. Ṣé kò tíì pẹ́ jù? Àbí ohun tí mo ń kà yìí náà ni orí mi yàn?"

Ìtàn lèmi náà kà ní yunifásítì, n ò lè tan án jẹ. Ìwé ẹ̀rí ìtàn ò lè gbé e wọlé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ó máa padà jókòó fún WAEC, kó yege dáadáa nínú bàọ́lọ́jì, kẹ́místrì àti físíìsì, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò. Lẹ́yìn náà ló kan JAMB. Bí wọ́n bá wá gbà á, ọdún mẹ́fà ló ń dúró dè é.

Ṣé ẹ rántí ìtàn tó wà nínú Ògúndá Méjì? Oríṣèékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà ń lọ yan orí nílé Àjàlá. Àwọn méjì yára lọ, wọ́n he orí tó dára lójú, òjò sì bà á jẹ́ lọ́nà. Afùwàpẹ́ yà kí bàbá rẹ̀. Wọ́n dáfá fún un, wọ́n ní kó fi iyọ̀ àti owó rúbọ, kó sì mú díẹ̀ dání. Ó fún onílẹ̀kùn Àjàlá, tó ń fi eérú se ọbẹ̀, ní iyọ̀. Ó bá Àjàlá san gbèsè tó mú un sá pamọ́ sí òkè àjà. Àjàlá fúnra rẹ̀ ló bá a yan orí tó le.

Àwọn kan ń fi ìtàn yìí sọ pé àyànmọ́ ò ṣeé tún ṣe. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ẹni tó dé kẹ́yìn ló mú orí ire. Pípẹ́ kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Lílọ lọ́wọ́ òfìfo ló ń pani. Bàọ́lọ́jì, kẹ́místrì àti físíìsì, iyọ̀ ọmọ yìí nìyẹn.

Ẹ wo Oguntola Sapara, tí wọ́n bí ní 1861. Ó kọ́ṣẹ́ ìwé títẹ̀ l'Ékòó, ó ṣiṣẹ́ apoògùn ní ọsibítù, kó tó lọ kàwé ìṣègùn ní Bìrìtìkó. Ní 1895 ló gboyè dókítà, ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ọkùnrin yìí ló wọ inú ẹgbẹ́ àwọn olùsìn Ṣànpọ̀nná, tó rí i pé àwọn kan níbẹ̀ ń tan ìgbóná kálẹ̀, tí ìjọba fi ṣòfin dè wọ́n. Ó dun àwa oníṣẹ̀ṣe láti sọ, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Mélòó ni ì bá kú, ká ní ó gbà pé ó ti pẹ́ jù?

Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé gbèsè o. Pọ̀nmọ́ ni ìyá ọmọ yìí fi rán an níwèé látọjọ́ yìí. Kò sí orí rere tí èèyàn máa yàn kó má wo ẹni tó ń sanwó rẹ̀. Torí náà, n ò sọ fún un pé Ifá ní kó máa lọ. Mo ní kó mú ìyá rẹ̀ wá.

Ìyá dé. Mo ka ọdún náà fún un lórí ìka. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní: "Bàbá, kó kọ́kọ́ parí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá ti ṣe àgùnbánirọ̀, kó máa fi alawí náà ra ìwé. Èmi á máa ṣe oúnjẹ." Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀.

Mo gba ẹbọ wọn. Iyọ̀ wà níbẹ̀. Mo sì sọ fún ọmọ náà pé ẹbọ ò ní bá a jókòó nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Bí wọ́n bá tilẹ̀ gbà á, òjò ṣì máa rọ̀ sí orí náà lọ́nà. Kó ṣáà ti jẹ́ orí tó jinná.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.