Omi Témà

Ẹ̀kọ́ kíkà: Jóòbù 6:14–20, Aísáyà 21:13–15



Témà jẹ́ ìlú kan nínú aginjù, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Arébíà. Tayma ni wọ́n ń pè é lónìí, ní orílẹ̀-èdè Saudi Arabia. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Íṣímáẹ́lì ń jẹ́ orúkọ yìí (Jẹ́nẹ́sísì 25:15). Àwọn oníṣòwò tí ń fi ràkúnmí kó tùràrí àti òjíá bọ̀ láti gúúsù a máa gba ibẹ̀ kọjá. Nabonidus, ọba Bábílónì, pàápàá fi ààfin rẹ̀ sílẹ̀, ó sì gbé ibẹ̀ fún nǹkan bí ọdún 10, ní bí ọdún 550 ṣáájú ìbí Olúwa wa.

Kí ni ó mú ìlú dúró láàárín iyanrìn? Omi ni. Kànga ńlá kan wà níbẹ̀ tí a ń pè ní Haddaj. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ràkúnmí ni í yí i ká láti fa omi nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Jóòbù sọ pé àwọn èrò Témà ń wo ọ̀nà odò kan tí ó kún nígbà òjò. Ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn mú, odò gbẹ, ojú sì tì wọ́n. Irú odò bẹ́ẹ̀ ni Jóòbù fi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wé. Aísáyà ní tirẹ̀ sọ̀rọ̀ àwọn ará Témà tí wọ́n gbé omi àti oúnjẹ lọ pàdé àwọn tí ń sá fún idà. Wọn kò jókòó létí kànga títí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ yóò fi wá bẹ̀ wọ́n. Ẹni tí òùngbẹ ti gbẹ rí ni ó mọ iyì omi.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ara wa wò. Ọkọ arábìnrin wa kan kú. Lọ́jọ́ ìsìnkú, a wọ aṣọ ẹgbẹ́, a kọrin, a jẹ, a mu. Odò kún! Nígbà tí owó ilé-ìwé àwọn ọmọ dé, ta ni ó kan ilẹ̀kùn rẹ̀? Ó pa ìpàdé jẹ fún oṣù mẹ́ta, a sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé owó ìtanràn. Ìgbà tí a pàdé rẹ̀ ni ó wí pé, "Ẹ má bínú, ẹ̀yin ìyá mi. N kò rí owó ọkọ̀ ni." Ojú tì wá.

Ẹ̀yin ará, òjò ni ó ń kún odò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kànga ní orísun. Kristi tí ó bá obìnrin ará Samáríà sọ̀rọ̀ létí kànga (Jòhánù 4) ni orísun wa. Bí a kò bá ń mu nínú rẹ̀ lójoojúmọ́, a ó gbẹ nígbà ọ̀dá. Iṣẹ́ ẹnìkan ṣoṣo kọ́ sì ni omi fífà. Kí gbogbo wa yí kànga náà ká.

Nítorí náà, kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó dé, ẹ jẹ́ kí a wo ìwé orúkọ wa. Ẹni tí a kò rí, kí a lọ sí ilé rẹ̀ kí a tó bu owó ìtanràn lé e. Kí a má sì lọ lọ́wọ́ òfo.

Àdúrà: Olúwa, má ṣe jẹ́ kí a gbẹ mọ́ arábìnrin wa lójú. Fi omi ìyè rẹ kún wa, kí o sì rán wa jáde. Àmín.