Ta Ni Akọni, Ta Ni Ọ̀dàlẹ̀?

Láti ìgbà tí mo ti ń ka ìwé ìtàn àròsọ tí ó dá lórí bí àwọn baba wa ṣe gba ara wọn lóko ẹrú, ohun kan wà tí ó máa ń yà mí lẹ́nu. Ẹni tí ó kọ́kọ́ yọ àdá ni gbogbo wa ń fẹ́. Ẹni tí ó bá ní, "Ẹ jẹ́ ká san ìṣákọ́lẹ̀ yìí o, kí wọ́n má baà dáná sun wá," ọ̀dàlẹ̀ la ó pè é kí a tó ṣí ojú ìwé kejì. Èmi ò fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé bá mi dá ẹjọ́ náà.

Ẹ mú Ọmọ Olókùn Ẹṣin, ìwé Adébáyọ̀ Fálétí tí ó jáde ní 1969. Ìtàn àwọn ará Òkè-Ògùn ni, bí wọ́n ṣe ń sin ẹlòmíràn, tí àwọn ọ̀dọ́ kan sì fàáké kọ́rí pé ìsìn náà tó gẹ́ẹ́. Ẹ bi ẹni tí ó ka ìwé yẹn nílé-ìwé, Àjàyí ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ fún yín. Ta ló ń rántí àwọn àgbààgbà tí wọ́n ti ń sìn kí wọ́n tó bí Àjàyí? Bí àwọn yẹn bá kọ̀ láìtó àsìkò, bóyá ìlú náà ì bá ti pa rẹ́, wọn kì bá sì ti rí ibi tí wọn ó bí Àjàyí sí.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ tíṣà gbọ́ èyí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ yìí, ọ̀rọ̀ ojo lò ń sọ. Tí gbogbo ayé bá ń ronú bíi tìẹ, abẹ́ ajẹ́lẹ̀ la ṣì máa wà dòní." Ó kù díẹ̀ kí n gbà fún un. Ṣùgbọ́n ajẹ́lẹ̀ kì í ṣe ti inú ìwé nìkan.

Ní 1878, Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí bẹ́ ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn lórí. Ìtàn sọ pé nítorí obìnrin ilé rẹ̀ tí ajẹ́lẹ̀ náà fi wọ́sí ni. Láti ibẹ̀ ni Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ti para pọ̀, ogun Kírìjì sì bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 1886 ni wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ó sì di 1893 kí bùdó ogun tó tú pátápátá. Ẹ ka ọdún yẹn wò! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí orí ajẹ́lẹ̀ bọ́ sílẹ̀ ti tó ọ̀dọ́mọkùnrin. Ọwọ́ ẹnì kan ló yọ idà, gbogbo ilẹ̀ ló san owó rẹ̀.

Ṣé Fábùnmi ṣe àṣìṣe ni? Rárá o. Èmi gbà pé ajẹ́lẹ̀ náà fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Ẹni tí ó bá ní òun ó dúró títí gbogbo ìlú yóò fi fohùn ṣọ̀kan, yóò dúró pẹ́. Ohun tí mo rí dì mú ni pé Fábùnmi ò sá. Ojú ogun ló wà, òun náà jẹ nínú ìyà tí ó fà. Akọni tí ó bá ṣá ajẹ́lẹ̀ tán tí ó sì gba inú igbó lọ, ìyá arúgbó tí kò lè sáré ló fi sílẹ̀ fún wọn.

Òṣùwọ̀n kan náà ni mo fi ń wọn ẹni tí ó tẹrí ba. Baálẹ̀ kan ń kó iṣu ìṣákọ́lẹ̀ jọ, abà tirẹ̀ ló ti kọ́kọ́ mú. Baálẹ̀ kejì ń kó o jọ, ó ń fi tirẹ̀ kún un lórí àwọn tálákà, ó ń sanra. Àwọn méjèèjì dọ̀bálẹ̀ níwájú ajẹ́lẹ̀ kan náà. Ìdọ̀bálẹ̀ kì í ṣe ìwà. Ẹnì kejì yẹn ni mo lè pè ní ọ̀dàlẹ̀ láìwẹ̀yìn.

Lọ́dọ̀ tiwa ní Ìsọlọ̀-Òpin, ọ̀rọ̀ náà tún lọ́jú pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlọrin ni ọ̀gá tí ó wà lọ́rùn àwọn ará apá ibí. Ìdí rẹ̀ tí wọ́n fi ń pe Òsì ní Òsì-Ìlọrin nìyẹn. Nígbà tí Èkìtìparapọ̀ dìde sí Ìbàdàn, Ìlọrin bá wọn gbógun ti Ìbàdàn, torí òun náà kórìíra Ìbàdàn. Ó dáa: ọkùnrin Òpin kan ní 1880, níbo ni kó yà sí? Tó bá lọ jà fún òmìnira Èkìtì, ọ̀rẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ló ń ràn lọ́wọ́. Tó bá jókòó sílé, a ó ní ó já àwọn ará rẹ̀ jù sílẹ̀. Tíṣà ò rí èsì fọ̀ sí èyí. Ó ní kí n jẹ́ ká sọ nǹkan mìíràn.

Àwọn akọni wọ̀nyẹn pàápàá, ọwọ́ wọn ò mọ́ tónítóní. Ọ̀gèdèǹgbé tí ó ṣe olórí ogun òmìnira yìí ti kó àwọn ará Àkókó lẹ́rú rí. Ní 1894, Bower, aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì n'Ìbàdàn, mú òun náà, ó gbé e kúrò nílé. Ní tiwa, ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company ṣẹ́gun Ìlọrin ní 1897, òyìnbó sì fi wá sábẹ́ Ìlọrin bí ó ṣe bá wa. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní 1996, Kwara ni a ṣì wà.

Bí mo bá ń ro èyí, ère Ẹpa ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà agbègbè wa mọ̀ ọ́n gbẹ́, àgàgà Àrẹ̀ògún ará Òsì tí ó kú ní 1954. Jagunjagun lórí ẹṣin ni wọ́n sábà máa ń gbẹ́ sókè, pẹ̀lú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́, àwọn ènìyàn kéékèèké sì yí i ká nísàlẹ̀. Ẹṣin ò wọ́pọ̀ nílẹ̀ igbó. Ẹlẹ́ṣin la mọ àwọn tó wá kó wa lẹ́rú sí. Ta wá ni ẹlẹ́ṣin orí Ẹpa yìí? Ṣé akọni wa ni àbí ọ̀gá wa? Àwọn kan ní akọni ni, a sì ń lu ìlù fún un. Igi náà wúwo, àwọn mìíràn ju kílò 20 lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin tó rù ú sì gbọ́dọ̀ fi fò sórí òkìtì kí ó má ṣubú. Abẹ́ ẹlẹ́ṣin ló wà, a ò rí ojú rẹ̀.