Ìjánu Ńkọ́? Ìtìjú Láàárín Onílé àti Àlejò

Ní ilẹ̀ wa, bí ènìyàn méjì bá pàdé, ìkíni wọn kì í mọ níwọ̀n. A ó bèèrè ilé, a ó bèèrè ọmọ, a ó bèèrè iṣẹ́, a ó bèèrè ará tó wà ní ìdálẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá wá yá alùpùpù, tí owó sì ti bọ́ sọ́wọ́ onílé, gbogbo ìbéèrè dópin. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé: “Ìjánu ńkọ́?” Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nìyí: nígbà tí a bá gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ọ̀nà wa, tí a sì fún un ní alùpùpù, ṣé irin nìkan ni a yá a, àbí a tún jẹ ẹ́ ní gbèsè ohun tí a mọ̀? Àlejò náà ńkọ́, kí ni òun jẹ onílé?

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Láti Oko-Akarè dé Ikpinlè, láti Massè dé Adja-Ouèrè, alùpùpù ló ń gbé wa lọ sọ́jà, òun ló ń gbé aláboyún lọ sílé ìgbẹ̀bí. Bí ìsinmi oṣù Kẹjọ bá dé, tàbí tí ọdún ìbílẹ̀ oṣù Kìíní bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun a máa wálé, wọn a sì máa wá alùpùpù tí wọn yóò fi rìn káàkiri. Àwa náà a máa di àlejò ní ìlú ẹlòmíràn.

Ní àkókò ìsinmi ńlá kan, àwa olùkọ́ méjì láti Oko-Akarè rin ìrìn àjò lọ sí Kpalimé, ní orílẹ̀-èdè Tógò. Ìlú olókè ni. Òkè Agou, tó ga jù lọ ní Tógò pẹ̀lú gíga mítà 986, kò jìnnà síbẹ̀. A yá alùpùpù kan lọ́wọ́ bàbá kan fún ọjọ́ méjì. Àwa tí a ti ń gun alùpùpù láti ìgbà èwe rò pé kò sí ohun tí a kò mọ̀ nínú rẹ̀. Lóòótọ́, a mọ yanrìn, a sì mọ ilẹ̀ pupa tó máa ń yọ̀ lẹ́yìn òjò. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tiwa tẹ́jú. A kò mọ ìdagẹ̀rẹ́ òkè. Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀, a tẹ ìjánu ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ títí ó fi gbóná, tí kò sì mú mọ́. Koríko etí ọ̀nà ló gbà wá. Ọ̀kan nínú wa fi awọ orúnkún sílẹ̀ níbẹ̀. Èkejì fi apá kọ́ ọrùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Nígbà tí a dá alùpùpù náà padà, bàbá náà mi orí. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí ìjánu ẹ̀yìn náà ti rẹ̀, àti pé jíà kékeré ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń sọ̀ kalẹ̀. A béèrè ìdí tí wọn kò fi sọ fún wa. Wọ́n fi sùúrù dáhùn pé: “Ẹ ò bi mí.”

Inú kọ́kọ́ bí wa. Lẹ́yìn náà ni a wá bi ara wa pé: kí ló dé tí a kò bi wọ́n? Kì í ṣe àìmọ̀. Nílé, a kì í ra alùpùpù àlòkù láìjẹ́ pé mẹkáníìkì yẹ̀ ẹ́ wò. Ìtìjú ni. Lójú tiwa, bí a bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí a ń wo táyà àti ìjánu níwájú bàbá tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀, àfi bí ẹni pé a ń pè wọ́n ní òpùrọ́. Bóyá lójú tiwọn náà, láti bi àgbàlagbà méjì bóyá wọ́n mọ òkè sọ̀ jẹ́ ìwọ̀sí. A pọ́n wọn lé, wọ́n pọ́n wa lé. Láàárín àpọ́nlé méjèèjì ni ẹ̀mí wa fẹ́ bọ́ sí.

Àwọn kan yóò sọ pé àgbàlagbà ni ẹni tó yá alùpùpù. Ó san owó, ó sì gba ewu rẹ̀ mọ́ ọn. Àwíjàre yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí a kò lè máa tọ́ àgbà bí ọmọ ọwọ́. Ṣùgbọ́n ènìyàn kò lè gba ewu tí kò mọ̀. Ẹni tí a sọ fún pé ìjánu ti rẹ̀, tó sì gùn ún bẹ́ẹ̀, ó ti yàn. Ẹni tí a kò sọ fún kò yàn rárá. Àwa la yàn fún un. Owó ìlò ló san, kò san owó ìdákẹ́. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, onílé tó ríran ni ojú àlejò. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àlejò pẹ̀lú kò gbọdọ̀ fi àìmọ̀ rẹ̀ pamọ́, nítorí kì í ṣe ara rẹ̀ nìkan ló ń fi wéwu. Ìyá arúgbó tó ru igbá gààrí kọjá lójú ọ̀nà kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dúnàá dúrà.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀ náà bá wa délé. Ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú wa, tí wọ́n ń gbé ní Faransé, wá lo ìsinmi ní abúlé. Wọ́n fẹ́ yá alùpùpù aládùúgbò wa fún ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n ti san owó. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ni alùpùpù dákẹ́. Àwa náà fẹ́ dákẹ́, nítorí àbúrò kì í wádìí ẹ̀gbọ́n. Ni a bá rántí Kpalimé. A ní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Irú alùpùpù wo ni ẹ ń gùn lọ́hùn-ún?” Ojú wọn le. Wọ́n ní: “Ṣé èmi lẹ fẹ́ kọ́ ní alùpùpù gígùn?” Gbogbo agboolé pa rọ́rọ́. Nígbà tó yá, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní èyí tí a kì í yí jíà rẹ̀ ni, orí ọ̀dà nìkan ni wọ́n sì ti ń gùn ún. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi kọ́ wọn ní jíà ní pápá ilé ẹ̀kọ́, ó sì sọ ibi tí yanrìn ti jìn fún wọn. Wọ́n padà sí Faransé láìfarapa. A kò lè sọ pé ìbéèrè wa ló yọ wọ́n; ohun tí a mọ̀ ni pé ọ̀wọ̀ wọn kò dín kù lójú ẹnikẹ́ni.

Òfin pẹ̀lú kò ka ìbéèrè sí ìwọ̀sí. Ní Faransé, láti ọdún 2011, ẹni tó jẹ́ pé ìwé àṣẹ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ nìkan ló ní gbọ́dọ̀ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí 7 kí ó tó gun alùpùpù 125 cc. Ní Kùtọnú wa níhìn-ín, ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1982, àwọn orílẹ̀-èdè CEDEAO fọwọ́ sí àdéhùn Carte Brune, kí adójútòfò ọkọ̀ tó kọjá ẹnubodè lè san ẹ̀tọ́ ẹni tí ọkọ̀ náà bá ṣe léṣe. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí nǹkan bá ti bàjẹ́ ni ìwé ń sanwó. Ìbéèrè ló ń ṣíwájú.

Nítorí náà, kí onílé sọ àbùkù alùpùpù rẹ̀ àti ti ọ̀nà, kí ó sì fi akoto méjì kún un bí ènìyàn méjì bá fẹ́ gùn ún. Ìwádìí fi hàn pé akoto ń dín ikú kù fún àwọn tó ní ìjàǹbá alùpùpù ní nǹkan bí ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dín ìfarapa orí kù ní ìdá 69. Kí àlejò dán ìjánu, iná àti fèrè wò nínú ọgbà kí ó tó bọ́ sójú títì. Kí ó béèrè ìwé ọkọ̀ àti ti adójútòfò, kí ó ya àwòrán gbogbo ibi tó ti há tẹ́lẹ̀, kí ó má sì fi ìwé ìrìnnà rẹ̀ dógò. Ẹ̀dà rẹ̀ tó. Gbogbo èyí kò gba àkókò ju owó kíkà lọ.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ìkíni wa pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀kan kún un. Ilé ńkọ́? Ọmọ ńkọ́? Ìjánu ńkọ́?