Ìṣàrò Òwúrọ̀: Àká Tó Wà Lẹ́yìn Tẹ́ḿpìlì

Bíbélì kíkà wa fún òní ni Jeremáyà 22:13-17 àti Léfítíkù 19:13. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ ṣí i kà, torí n kò ní tún un kọ síbí.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ wa obìnrin sanwó fún èmi àti ìyá rẹ̀ pé ká lọ wo Íjíbítì. Nígbà tí a dé Luxor, ìlú kan tó wà létí odò Náílì, wọ́n ṣètò ìrìn-àjò ọjọ́ kan fún wa. Aago mẹ́fà àárọ̀ la ti wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré, a sọdá sí apá ìwọ̀-oòrùn odò, níbi tí wọ́n ti ń sin òkú àwọn ọba láyé àtijọ́. Amọ̀nà wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan báyìí, ti kìlọ̀ pé ká mú omi dání, pé oòrùn ibẹ̀ kì í mọ àlejò.

Ibi tí a kọ́kọ́ dé ni Medinet Habu, tẹ́ḿpìlì tí Fáráò Ramesses Kẹta kọ́ ní ohun tó lé ní 3,100 ọdún sẹ́yìn. Ìyàwó mi dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní òun ò wọ ilé òrìṣà, ká tètè ya fọ́tò ká máa lọ. Amọ̀nà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, àwọn Kristẹni ti fi àgbàlá kejì lọ́hùn-ún ṣe ṣọ́ọ̀ṣì rí." Òótọ́ ló sì sọ. Ìlú Kristẹni kan tí wọ́n ń pè ní Djeme wà nínú ọgbà náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ìyàwó mi ṣe gbà láti wọlé nìyẹn, tó ń gbàdúrà sínú.

Ẹ̀yin ará, ilé náà tóbi! Ọba yẹn gbẹ́ orúkọ rẹ̀ wọ inú òkúta débi pé ọwọ́ ènìyàn lè wọnú ẹ̀. Wọ́n ní kí ọba mìíràn má bàa pa á rẹ́ kó kọ tirẹ̀ sí i ni. Lára ògiri kan, wọ́n gbẹ́ àwòrán òkìtì ọwọ́ tí wọ́n gé lára ọ̀tá tó kú lójú ogun, àwọn akọ̀wé sì ń kà wọ́n. Ṣùgbọ́n ògiri ìta níhà gúúsù ni mo dúró sí jù. Ètò ọrẹ ló wà níbẹ̀: àjọ̀dún báyìí, búrẹ́dì iye báyìí, ọtí iye báyìí, màlúù, ẹyẹ. Ó lọ bẹẹrẹ. Mo sọ fún ìyàwó mi pé, "Èyí jọ ìwé ètò ìkórè wa." Ó ní kí n má fi iṣẹ́ Ọlọ́run wé ti abọ̀rìṣà. Mo pa ẹnu mi mọ́.

Láti ibẹ̀, a lọ sí Deir el-Medina, abúlé àwọn tó ń gbẹ́ ibojì ọba. Ìpìlẹ̀ ilé bíi 70 ló kù níbẹ̀, wọ́n há mọ́ra bíi yàrá ilé ẹ̀kọ́. Aṣálẹ̀ ni, kò sí oko, kò sí odò nítòsí, ńṣe ni wọ́n ń ru omi wá fún wọn. Àlìkámà tí wọ́n á fi ṣe búrẹ́dì àti ọkà báálì tí wọ́n á fi pọn ọtí, láti inú àká ọba ló ti ń wá lóṣooṣù. Owó oṣù wọn nìyẹn.

Ní ọdún 29 tí Ramesses Kẹta gorí oyè, oúnjẹ yìí kò dé lásìkò. Wọ́n dúró títí. Ebi kì í sáà wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n jáde, wọ́n lọ jókòó sẹ́yìn tẹ́ḿpìlì ọba kan tó ti kú. Wọ́n ní ebi àti òùngbẹ ló gbé àwọn débẹ̀, àwọn ò ní aṣọ, àwọn ò ní òróró, kò sí ẹja, kò sí ẹ̀fọ́, kí wọ́n bá àwọn ránṣẹ́ sí Fáráò. Akọ̀wé kan kọ ọ́ sílẹ̀, ìwé náà sì wà ní Turin ní Ítálì dòní. Nínú gbogbo ìyanṣẹ́lódì tí ẹnikẹ́ni kọ sílẹ̀, kò sí èyí tí a mọ̀ tó ṣáájú rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mí. Àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n ń múra àjọ̀dún 30 ọdún tí ọba gorí ìtẹ́. Olórí àwọn ìjòyè gba àdúgbò náà kọjá, ó wá kó àwọn òrìṣà ìhà gúúsù lọ síbi àjọ̀dún. Kò yà sọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́. Ó kàn ránṣẹ́ sí wọn pé kò sí nǹkan nínú àká, ohun tí òun bá rí ni òun á fún wọn.

Níkẹyìn, a dé Ramesseum, tẹ́ḿpìlì mìíràn tí àwọn òṣìṣẹ́ náà lọ jókòó sí. Àwọn àká tí wọ́n fi bíríkì amọ̀ kọ́ sẹ́yìn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Amọ̀nà ń sọ̀rọ̀ lọ, èmi ò gbọ́ mọ́. Káfíńtà wa ni mo ń rò.

Nígbà tí ìjọ wa ṣe àjọ̀dún 40 ọdún, a ní kó kan àga 24 àti pẹpẹ tuntun. Ó kàn án, ó sì kàn án dáadáa. A san díẹ̀, a ní kó fọkàn balẹ̀. Lọ́jọ́ àjọ̀dún, a pa màlúù méjì, a gba onílù, a ránṣọ. Káfíńtà jókòó sẹ́yìn lórí ọ̀kan nínú àga tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀.

Ta ló jẹ gbèsè yẹn? Ní Íjíbítì, ọba lè ní òun ò gbọ́. Ìjòyè ní àká ti gbẹ. Alákòóso àká á ní ọkà ni kò dé. Akọ̀wé á ní tòun ni kí òun kọ ọ́ sílẹ̀. Bí a bá pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, a ò ní rí olè kankan mú, ebi sì ń pa ènìyàn. Tiwa náà rí bẹ́ẹ̀. Akápò ní ìgbìmọ̀ ò tíì fọwọ́ sí i, ìgbìmọ̀ ní kí ìkórè kọjá ná, olùṣọ́àgùntàn ò tilẹ̀ mọ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé òrìṣà ni wọ́n ń bọ, Ọlọ́run alààyè là ń sìn. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Kì í ṣe Fáráò ni Jeremáyà ń bá wí níbi tí a kà yẹn, ọmọ Jósáyà ni. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí Jósáyà tún ilé Olúwa ṣe, ẹ wo 2 Àwọn Ọba 22:5-7, ọwọ́ káfíńtà àti àwọn ọ̀mọ̀lé ni owó náà lọ tààrà. Ọmọ bíbí inú rẹ̀ ló wá fi kédárì ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ láìsan owó alágbàṣe.

A ò kúkú kó owó náà jẹ, mo ti fi èyí tu ara mi nínú tipẹ́. Ṣùgbọ́n owó ta ni? Ọjọ́ tí àga ti wọlé tí a ti jókòó lé e ni owó yẹn ti di ti káfíńtà. Ohun ẹlòmíràn la gbé síwájú Ọlọ́run, àwa la sì gba ìyìn ẹ̀. Àwọn kan á ní bó bá jẹ́ pé ká san gbogbo gbèsè tán ká tó dúpẹ́, ìjọ wo ló máa ṣe ìdúpẹ́? Ìbéèrè gidi ni, n kò sì rí ìdáhùn rẹ̀ tán. Ẹni tí kò ní yàtọ̀ sí ẹni tó ní tó fi ra màlúù. Lọ́dún yẹn, a ní.

Lálẹ́, mo pe káfíńtà láti hòtẹ́ẹ̀lì.

"Alàgbà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé ẹ ti dé ni?"

Mo ní rárá, mo kàn fẹ́ mọ iye tó kù lọ́wọ́ wa ni. Ó dákẹ́ díẹ̀.

"₦185,000 ni, sà. Ṣùgbọ́n ẹ má da ara yín láàmú, iṣẹ́ Ọlọ́run ni."

Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ yẹn sí i lẹ́nu, lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá béèrè owó.

Ọ̀sẹ̀ tí a padà dé ni owó rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ti ẹni tó kun ilé ìjọsìn lọ́dà ṣì kù. Ìpàdé ìgbìmọ̀ wà lọ́la, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́.