Ẹni Tí Kò Lè Kọ̀, Ṣé A Lè Sọ Pé Ó Gbà?

Nínú gbogbo ọjà ilẹ̀ wa, láti Kétu dé Sábẹ̀ẹ́ títí dé Àjàṣẹ́, ohun kan ni ó mú kí ìdúnàádúrà yàtọ̀ sí ìfipágbà: ẹni tí ń tà lè gbé ẹrù rẹ̀ kúrò níwájú ẹni tí ń rà. Bí owó tí wọ́n dá lé e kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò ru igbá rẹ̀ lọ sí ìsọ̀ kejì. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. A sábà máa ń fi òwe yìí tu ẹni tí ọ̀nà kan dí mọ́ nínú. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà tí ó wọ ọjà bá wá ku ẹyọ kan ṣoṣo ńkọ́? Bí ẹni tí kò ní ibòmíràn tí yóò tà sí bá dáhùn pé òun gbà, ṣé òótọ́ ni ó gbà?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe àròsọ lásán, nítorí pé lójoojúmọ́ ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń gbé àwọn kékeré mì, tí àwọn ńlá pàápàá sì ń para pọ̀. Àwọn tí ń ṣe é ní ìnáwó yóò dín kù, ọjà yóò sì pọ̀ yanturu. A kò sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ohun tí a ń sọ ni pé iye owó nìkan kọ́ ni òṣùwọ̀n òwò.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn àgbẹ̀ kòkó nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso apá kan ilẹ̀ Áfíríkà. Ní 1929, ilé-iṣẹ́ ńlá méjì tí wọ́n ń bá ara wọn díje tẹ́lẹ̀, Niger Company àti African and Eastern Trade Corporation, para pọ̀ di United Africa Company. Nígbà tí ó di 1937, ilé-iṣẹ́ yìí àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yúróòpù bá ara wọn ṣe àdéhùn lórí bí wọn yóò ṣe máa ra kòkó ní Gold Coast, tí ń jẹ́ Gánà lónìí, àti ní Nàìjíríà. Wọ́n pín kòkó náà láàárín ara wọn ní ìpín-ìpín, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má baà fi owó tí ó sàn jù fa àgbẹ̀ mọ́ra. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ṣì pọ̀ lára pátákó, ṣùgbọ́n olùrà ti di ọ̀kan.

Àwọn àgbẹ̀ Gold Coast kọ̀. Láti ìparí 1937 títí di oṣù kẹrin 1938, wọ́n kó kòkó wọn pamọ́, wọn kò tà á, wọn kò sì ra ọjà àwọn ilé-iṣẹ́ náà. Ní Nàìjíríà, àwọn ọ̀dọ́ inú Nigerian Youth Movement gbé ohùn sókè sí àdéhùn kan náà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ìgbìmọ̀ kan wá ṣe ìwádìí, Nowell ni ó ṣe olórí rẹ̀, ìgbìmọ̀ náà sì ní kí wọ́n pa àdéhùn náà tì. Ohun tí ó yẹ kí a fiyè sí ni pé àwọn alágbàtà dúró ti àwọn àgbẹ̀ nínú ìjà yìí. A máa ń bú alágbàtà pé òógùn àgbẹ̀ ni ó ń jẹ, nígbà mìíràn ẹ̀bi rẹ̀ sì ni. Ṣùgbọ́n níbi tí alágbàtà mẹ́wàá bá wà, olúkúlùkù wọn ń bẹ̀rù kí ẹlòmíràn má gba oníbàárà òun. Ìbẹ̀rù yẹn ni ààbò àgbẹ̀.

Ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Ní 1947, ìjọba dá bọ́ọ̀dù kan sílẹ̀ tí yóò máa ra kòkó Nàìjíríà. Owó tí bọ́ọ̀dù náà ń san fún àgbẹ̀ sábà máa ń kéré sí èyí tí ó ń gbà ní òkè òkun, ó sì ń kó ìyókù pamọ́. A kò lè sẹ́ pé owó kòkó ṣe rere: ó wà lára ohun tí ó gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ró láti 1955, ọ̀pọ̀ ọmọ àgbẹ̀ sì ti ipasẹ̀ rẹ̀ mọ̀wé. Síbẹ̀, ta ni ó bi àgbẹ̀ léèrè? Bí a tilẹ̀ fi owó ẹni ṣe ohun rere, bí a kò bá bi í kí a tó mú un, a kò lè pè é ní ọrẹ. Nítorí náà, kì í ṣe àwọ̀ ara olùrà, kì í sì í ṣe bóyá ìjọba ni tàbí oníṣòwò, ni ó dá ìnira sílẹ̀. Dídá tí olùrà dá wà ni.

Kí ará Kétu má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ kòkó kò kan àgbàdo òun. Lónìí, ilé-iṣẹ́ tí ń ta irúgbìn ni ó ń dín kù. Ní 2017, Dow àti DuPont ti Amẹ́ríkà para pọ̀; ChemChina ti orílẹ̀-èdè Ṣáínà sì ra Syngenta ti Switzerland. Ní 2018, Bayer ti Jámánì ra Monsanto ti Amẹ́ríkà ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 63 dọ́là. Ilé-iṣẹ́ mẹ́rin ni ó wá ń ta nǹkan bí ìdajì irúgbìn tí a ń fowó rà ní àgbáyé, àwọn kan náà ni wọ́n sì ń ta oògùn apakòkòrò àti oògùn apako. Ní 2014, àjọ OAPI, tí Benin àti Togo wà nínú rẹ̀, wọ inú àjọ UPOV, tí ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹni tí ó bá mú irúgbìn tuntun jáde. Òṣìṣẹ́ yẹ fún owó ọ̀yà rẹ̀. A kò jiyàn. Ṣùgbọ́n inú àká ara wọn, tàbí ti aládùúgbò, ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ wa ti ń mú irúgbìn tí wọ́n ń gbìn. Àká yẹn ni ọ̀nà kejì. Bí a bá jẹ́ kí ó ṣófo nítorí pé irúgbìn tí a rà dára lọ́dún yìí, ẹ rántí pé bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́.

Ẹnìkan lè sọ pé: "Èmi tí mò ń ra oúnjẹ jẹ, ẹni tí ó bá tà á ní ọ̀pọ̀ ni mo mọ̀." Ọ̀rọ̀ náà tọ̀nà lẹ́nu ẹni tí owó rẹ̀ kò tó. Ṣùgbọ́n kí ni ó mú kí ó ta á ní ọ̀pọ̀? Àwọn mìíràn tí ń tà á ni. Lọ́jọ́ tí àwọn yẹn bá kógbá wọlé, ta ni yóò di iye owó náà mú? Alárọ́bọ̀ tí ó mọ̀ wá lórúkọ lè ta àwìn fún wa nígbà tí owó oṣù bá pẹ́. Ilé-iṣẹ́ tí kò mọ̀ wá kì í ta àwìn.

Òdodo sì béèrè pé kí a yẹ ara wa wò. Ẹni tí ń yá àgbẹ̀ lówó nígbà ọ̀dá, tí ó sì fi ra àgbàdo rẹ̀ lóko kí ó tó gbó, dí ọ̀nà kejì mọ́ ọn. Ẹgbẹ́ ọlọ́jà tí ó lé àjèjì tí ń ta tòmátì ní owó pọ́ọ́kú kúrò lọ́jà ṣe bákan náà. Bí ó bá burú lọ́wọ́ ará Yúróòpù, kò lè dára lọ́wọ́ ará ilé.

Kíkọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan. Ohun èlò ni a fi ń kọ̀. Àwọn àgbẹ̀ kòkó lè kọ̀ nítorí pé kòkó gbígbẹ ṣeé tọ́jú fún oṣù púpọ̀, wọ́n sì fi ìmọ̀ ṣọ̀kan. Alátòmátì tí kò ní ibi ìpamọ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹrù rẹ̀ ti bàjẹ́. Àwọn baba wa mọ àáró, wọ́n sì mọ èsúsú. Òfin OHADA tí wọ́n fọwọ́ sí ní Lomé ní oṣù kejìlá 2010 fàyè gbà á kí ènìyàn márùn-ún péré dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀. Ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lè kọ́ àká kan, ó lè pa irúgbìn mọ́, ó sì lè yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó kí ó má baà ta oko rẹ̀ ní àìgbó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n mọ èdè òfin lè bá àwọn òbí wọn kọ ìwé rẹ̀.

Ìdáhùn wa sí ìbéèrè wa nìyí: ẹni tí kò lè kọ̀ kò tíì gbà; ó kàn fara mọ́ ọn ni. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ kí òwò jẹ́ òtítọ́ gbọ́dọ̀ ṣí ọ̀nà kejì sílẹ̀ fún ẹnìkejì rẹ̀, kódà bí ẹnìkejì náà yóò bá gba ibẹ̀ lọ.