Arìnrìn-àjò Kì Í Yọ́ Jáde Nílé

Àjò kì í dùn títí kí onílé má relé. Kò sí ẹni tí kò mọ òwe yìí láàárín wa, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń pa á lóde òní, àfi bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àbọ̀ nìkan ló wà nínú rẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ìjáde ni. Ẹni tí yóò padà wálé tayọ̀tayọ̀, ọjọ́ tó ń jáde ló ti tún ọ̀nà àbọ̀ rẹ̀ ṣe. Mo ń wo bí àwọn ọmọ wa ṣe ń jáde nílé báyìí, ara mi ò gbà á mọ́.

Kì í ṣe pé mo lòdì sí ìrìn àjò o. Ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni yóò máa wí pé kò sí oko tó tó ti baba òun. Yorùbá ti ń rìn kó tó di pé ẹnikẹ́ni ń tò sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì nítorí fisa. Àwọn òṣómàálò Ìjẹ̀ṣà gbé aṣọ kiri láti ìlú dé ìlú. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà àti Ìníṣà ṣòwò ní Gánà débi pé Yorùbá wà nínú àwọn ọjà tó jìnnà bíi Tamale ní òkè lọ́hùn-ún. Títí dòní, ará Èjìgbò ń wọ ọkọ̀ láti ìlú wọn, wọ́n á gba Kútọnu, Lomé àti Accra kọjá, ó di Abidjan. Ẹ lọ sí Èjìgbò nígbà ọdún, ẹ ó gbọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí ọ̀hún, tí Faransé ń ta sánsán lẹ́nu wọn. Àwọn baba wa yẹn láyà. Ibi tí wọ́n ti rí àyà náà ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Ìgboyà ìrìn àjò gígùn kì í ti inú ẹnì kan ṣoṣo wá. Ilé ni wọ́n ti ń dá a jọ fún èèyàn.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí ẹnì kan nílé wa bá fẹ́ lọ sí ìdálẹ̀, baba àgbà á pè é wọ ìyẹ̀wù. Baba kì í kọ́kọ́ gbàdúrà. Ìbéèrè méjì ni wọ́n máa ń bi í: “Ta lo jẹ? Ta ló jẹ ọ́?” Ẹni tó ń lọ á wá máa kà á: owó àjọ tó ti kó, tí kò tíì dá tán, aṣọ ẹgbẹ́ tó gbà láwìn, ọ̀rẹ́ tó yá a lówó nígbà tí ọmọ ń ṣàìsàn. Bí wọ́n bá ti yanjú ìyẹn, wọ́n á yan ẹni tí yóò máa yọjú sí ìyá rẹ̀, ẹni tí yóò máa ro oko, ẹni tí ìyàwó yóò sáré lọ bá bí ilé bá gbóná. Ìgbà náà ni omi tútù, obì àti oyin tó jáde. “Orí ẹ á sìn ẹ́ lọ, á sìn ẹ́ bọ̀.” Àwọn ìyá á di gààrí, ata gígún àti ẹja gbígbẹ. Orúkọ ará ìlú tí yóò gbà á sílé lọ́hùn-ún wà lórí ìwé pélébé kan, wọ́n á rán an mọ́ inú àpò ṣòkòtò kó má baà bọ́ sọnù lójú ọ̀nà.

Owó ńkọ́? Ẹni tó bá ń lọ sí Abidjan tàbí Gánà láyé ọjọ́un, owó ọkọ̀ ni ìṣòro rẹ̀. Bó bá ti dé ọ̀hún, ará ilé tó ti ṣáájú rẹ̀ dé ni yóò gbà á, yóò máa bá a tajà, títí ọ̀gá yóò fi yọ ọjà fún un pé kó lọ dá dúró. Àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi Aureol láti Àpápá lọ sí Liverpool láti kàwé, mọ̀lẹ́bí ló ń sìn wọ́n dé èbúté. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pàápàá kò kánjú. Kó tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1944 láti kọ́ nípa òfin, ó ti jókòó sílé kàwé títí ó fi gba oyè BCom ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. H.I.D. ìyàwó rẹ̀ dúró ti àwọn ọmọ, ó ń ṣòwò. Ọkọ di lọ́yà ní 1946. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ẹ wá wo tòní.

Fún ìgbà pípẹ́ ni mo fi jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ níbi iṣẹ́ wa, èyí tí gbogbo wa ń pè ní kọ́pọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níbẹ̀, ọmọ tó ń dọ̀bálẹ̀ kí èèyàn dáadáa. Ó yá owó tó nípọn, ó ní òun fẹ́ fi kan òrùlé. Èèyàn méjì dúró fún un. Ọ̀kan nínú wọn ni màmá kan tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, “ọkọ mi” ló máa ń pe ọmọ náà. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, kò sí lórí àga rẹ̀, ṣùgbọ́n jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà níbẹ̀. A ní ó ti dé, ó yà síbì kan ni. Ilẹ̀ ṣú, jákẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, màmá ní ká fi í lẹ̀, pé ara rẹ̀ ni kò yá, ó tiẹ̀ ń pe fóònù rẹ̀ láti kí i. Fóònù ò lọ. Nígbà tó yá, ẹnì kan na fóònù tirẹ̀ sí wa: ọkọ màmá rèé lójú pópó ní Manchester, nínú ẹ̀wù òtútù, ó kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán pé Ọlọ́run ti ṣe é.

Oṣù parí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó náà lára àwọn onídùúró. Màmá mú ìwé owó oṣù rẹ̀ wá bá mi. Kò pariwo. Ó fi ìka lé ìlà kan, ó ní, “Akọ̀wé, ẹ bá mi wò ó, bóyá ojú mi ni.” Kì í ṣe ojú rẹ̀. Ó ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó fi há ìṣẹ́tí ìró. “Bó bá sọ fún mi ni, ǹ bá gbàdúrà fún un.” Ohun tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá tó bí ọmọkùnrin náà gan-an kò sàn jù bẹ́ẹ̀. Èlùbọ́ ló ń tà. Oníbàárà tó wá rajà ló kí i kú oríire pé ọmọ ti dé ọ̀hún. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní, “A dúpẹ́ o,” ó ń wọn èlùbọ́ lọ, kí ojú má baà ti òun pé òun ò gbọ́. Oníbàárà náà ló padà wá sọ ọ́, pé ọwọ́ ìyá ń gbọ̀n tó fi wọn èlùbọ́ ọ̀hún lé.

Mo mọ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ yóò wí, torí pé àwọn náà lówe. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Òótọ́ ni. Ẹni tó ń tọrọ fisa kò gbọdọ̀ máa ké e lọ́jà, wọ́n lè ní àwọn ò fún un, kó wá di yẹ̀yẹ́. Bí a bá sì sọ̀rọ̀ fún olófòófó, ajádìí agbọ̀n la sọ ọ́ sí. Ṣùgbọ́n ta ní pe onídùúró ní olófòófó? Ẹni tó lójú àánú tó fi lè fọwọ́ síwèé gbèsè nítorí rẹ, ṣé òun ni kò ní lè pa ọ̀rọ̀ rẹ mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan? Ẹni bá yọ́ ilẹ̀ dà, ohun abẹ́nú a máa yọ́ ọ ṣe.

Ibi tí ó tún dùn mí jù ni pé ọmọkùnrin yẹn lọ tán, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó kù. Lónìí, ọ̀dọ́ tó bá wá yáwó ní kọ́pọ́ wa, ì báà jẹ́ pé ọmọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, wọ́n á kọ́kọ́ bi í pé níbo ni pásípọ́ọ̀tì rẹ wà. Kò sí ẹni tó fẹ́ dúró fún un. Ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ṣẹ̀ ló ń jìyà rẹ̀.

Kì í sì í ṣe ìrìn àjò nìkan. A ti sọ gbogbo ayé wa di àfipamọ́. Oyún ò ṣeé sọ. Ilẹ̀ tí a rà ò ṣeé sọ. Ilé á di ọjọ́ ìṣílé kí àbúrò tó gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n ń kọ́ ọ. Lórí pẹpẹ ìwàásù, ọ̀tá ilé. Nínú fíìmù, àbúrò ìyá ló gbé ìkòkò dání. Ẹni tó ń sá fún àbúrò ìyá rẹ̀ yìí kan náà ni yóò kó mílíọ̀nù àti pásípọ́ọ̀tì lé ejẹ́ńtì lọ́wọ́, tí kò mọ ilé rẹ̀, tí kò mọ baba rẹ̀. “Má sọ fún ẹnikẹ́ni” ni àwọn tó ń kó ọmọbìnrin lọ ta lókè òkun fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn. Ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, wọ́n tiẹ̀ ń mú àwọn ọmọ náà búra sí i ni, títí Ọba ìlú Benin, Ewuare Kejì, fi jáde ní oṣù Kẹta 2018 láti tú ìbúra náà, tó sì gégùn-ún fún àwọn tó ń ṣe é. Ibi tí àṣírí tó pọ̀ lápọ̀jù ń gbé ọmọ èèyàn dé nìyẹn. Ta ló kù tí a ń pè ní ẹbí gan-an?

Mo ti yà kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ ìjáde là ń sọ.

Ẹlòmíràn á ní owó ló fà á, pé bí ìgbà ṣe rí yìí, ọgbọ́n ni wọ́n ń dá. N ò jiyàn pé owó ò sí. Láti oṣù Kẹfà 2023 tí ìjọba ti fi náírà sílẹ̀ fún ọjà, owó ilé ìwé tí baba ń kó jọ ti dìdàkudà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ní kí owó tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi gbọ́ bùkátà wà ní báńkì fún ọjọ́ 28 gbáko. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024 ni wọ́n tún ti ní ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání, àfi díẹ̀ bí àwọn tó ń ṣèwádìí ìjìnlẹ̀. Ó dáa. Bí ìyàwó àti ọmọ yóò bá wà nílé, ta ni yóò máa bójú wò wọ́n bí kò ṣe àwọn tí o yọ́ jáde mọ́ lára?

Ayé sì lè yí. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á tàbí kó kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ Yorùbá fi ìsọ̀ sílẹ̀, wọ́n fi ilé sílẹ̀, wọ́n fi owó tí wọn ò rí gbà sílẹ̀. Yàrá baba wọn ló gba ọ̀pọ̀ nínú wọn. Kò sí ẹni tó bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n lọ, gbogbo ilé ló mọ̀, wọ́n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fi obì sìn wọ́n.

Nítorí náà, ìwọ tí fisa rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, kí o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, pe àwọn onídùúró rẹ jókòó. Bí owó ò bá pé, ẹ jọ kọ iye tí wàá máa fi ránṣẹ́ lóṣooṣù sílẹ̀, kí o fọwọ́ sí i. Kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ bí ọmọlúàbí. Lọ bá ìyá rẹ nísọ̀, kó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Kò gbà ju ọjọ́ kan sí méjì lọ. Bí ọmọ wa tó wà ní Manchester bá sì ń ka èyí, màmá ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n nọ́ńbà akáǹtì rẹ̀ kò yí padà.